Ìdérí Ìgò Kan fún Ihò Kan

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ fún mi ní abúlé mẹ́ta, mo mú ẹyọ kan. Ó rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Mo ṣàlàyé fún un pé ogún àgbẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà ìgbin àgbàdo tí mò ń kọ́ wọn bó ṣe yẹ títí dé ìkórè sàn fún mi ju igba tó kàn tẹ̀ka sínú ìwé lọ. Ó ní kò burú, àmọ́ bí iye wọn bá fi dín ní ogún lọ́jọ́ ìkórè, òun á ti ọ́fíìsì abúlé yẹn pa, òun á sì dá mi padà sídìí tábìlì. Mo ní mo gbà. Ọdún kejìlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò sì tíì rí ilẹ̀ tó kọ ọ̀nà ìgbìn yìí. Àwa èèyàn la máa ń kọ̀ ọ́.

Epo alùpùpù tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ìpàdé àkọ́kọ́. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wá, ooru inú ilé ìpàdé náà sì tó ooru inú ìkòkò. Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ: ẹ má sun koríko oko mọ́, ẹ jẹ́ kó bo ilẹ̀, ẹ na okùn kí àgbàdo yín tò lórí ìlà, hóró méjì péré sínú ihò, ajílẹ̀ ìdérí ìgò kan fún ihò kan, ẹ yé fọ́n ọn káàkiri bí ẹni tó ń bọ́ adìyẹ. Ti adìyẹ yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni bàbá kan dìde, Bàbá Kò-Kánjú ni wọ́n ń pè é, òun ló sì ní oko tó tóbi jù níbẹ̀. Kò gbóhùn sókè. Ó ní lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn kan wá báyìí, àwọn náà wọ bàtà òjò bíi tèmi, wọ́n pín irúgbìn, irúgbìn ò hù, wọn ò sì padà wá mọ́. Ó bi mí pé kí ni mo fi yàtọ̀ sí wọn. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀ nínú oko rẹ̀ kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní òun á rò ó wò, òun ò kánjú. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí orúkọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọkọ mi bá mi wọn okùn. Kí ni èèyàn ń fẹ́ télọ̀ fún bí kò bá lè wọn nǹkan? Ó na téèpù rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, a sì ń ta kókó sí ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan máa wà. Ó ní bí àgbàdo náà bá dàgbà tán kí n wọn ìbàdí rẹ̀ wá, òun á rán ṣòkòtò fún un. Okùn mẹ́wàá la ṣe tán. Ẹ̀yìn ń dun àwa méjèèjì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti forúkọ sílẹ̀. Onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn ló ṣáájú wọn. Ó ń ro oko láàárọ̀, ó ń dirun lọ́sàn-án. Mo na okùn fún un lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn náà ó ní kí n ká a. Ó fi ẹnu ọkọ́ fa ìlà já oko, ó tọ́ gbọnrangandan. Mo yìn ín. Ó ní ó le láti fa ìlà sórí èèyàn ju sórí ilẹ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ kì í sunkún.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Irúgbìn dé láti ọ́fíìsì. Àpò mẹ́tàlá, ẹnu wọn dì dáadáa, ìwé àmì ilé-iṣẹ́ irúgbìn wà lára gbogbo wọn. Mo bu hóró nínú àpò mẹ́ta, mo ka ọgọ́rùn-ún jáde, mo tò wọ́n sórí aṣọ tútù, mo ká a, mo gbé e sórí àpótí nínú ilé ìdáná. Ọdọọdún ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n lè mọ iye tó máa hù. Ọkọ mi ní òun ń retí ọjọ́ tí mo máa fi aṣọ bo òun náà báyẹn.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Mo tú aṣọ náà láàárọ̀ yìí. Mọ́kànlélógójì ló hù nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pe ọkọ mi, òun náà kà á, kò fi ṣe àwàdà.

Mo gbé alùpùpù, ó di ọ́fíìsì. Ọ̀gá gbọ́ mi dé òpin, ìyẹn ni mo máa fi yìn ín. Ó wá ní òjò ti sún mọ́lé, kò sí bí a ṣe lè pààrọ̀ àpò mẹ́tàlá kó tó dé. Kí n sọ fún wọn kí wọ́n máa fi hóró mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò dípò méjì. Mo ní mẹ́rin tó bá ti kú kì í jí nítorí pé wọ́n pọ̀. Ó ní ìwé ti jáde pé a ti pín irúgbìn. Mo ní kí ìwé mìíràn jáde nígbà náà pé èmi ò pín in. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Ó wo ìwé náà títí, ó wá ní bí mo bá rí irúgbìn mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òun ò ní dí mi lọ́wọ́. Bí mi ò bá rí i, kí n mọ̀ pé tábìlì mi ṣì wà níbẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo pe ìpàdé pàjáwìrì. Mo gbé aṣọ náà lọ bó ṣe wà. Mo ti ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé iwájú wọn, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo ní:

"Irúgbìn tí mo gbé wá fún yín ò dáa. Mi ò ní pín in. Mò ń lọ wá òmíràn."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òmíràn ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀. Bàbá Kò-Kánjú ló dìde, ó wá síwájú, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka hóró. Ó kà á tán. Ó tún un kà. Gbogbo wa dúró dè é. Ó ní mọ́kànlélógójì ni lóòótọ́. Ó wá kọjú sí wọn.

"Àwọn tó wá níjọ́sí, bóyá wọ́n mọ̀, bóyá wọn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí a bá a kà á."

Ó ní kí n yà sóko òun lọ́la. Ẹni tó ń wá bàtà padà jókòó. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, Dẹ̀rẹ́bà ni gbogbo wọn ń pè é, ní ọkọ̀ akẹ́rù òun ṣì ń rìn bí èèyàn bá ti wà tó máa tì í. Òun á gbé mi dé ibikíbi tí irúgbìn bá wà.

Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Bàbá Kò-Kánjú fi igi sàmì sí igun oko méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ogójì ìgbésẹ̀ lóròó, ogójì níbùú, bákan náà ni méjèèjì. Ọ̀kan fún mi. Èkejì, òun á gbìn ín bí bàbá òun ṣe ń gbìn ín. Òun náà ló máa ro méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ṣe ojúsàájú. Èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti pé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

A lo ọjọ́ méjì gbáko. A ti ọkọ̀ Dẹ̀rẹ́bà lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ ní òkè. Ní ilé-iṣẹ́ irúgbìn, obìnrin tó ń tọ́jú ilé ẹrù kọ́kọ́ ní àwọn kì í gba àpò padà. Mo tú aṣọ mi sórí káńtà rẹ̀. Ó wò ó, ó wo àmì ara àpò, ó wọlé lọ, ó pẹ́, ó jáde. Ó ní abẹ́ òrùlé tó ń jò ni wọ́n kó àwọn àpò yẹn sí lọ́dún tó kọjá. Ó pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Ó ní kí n bá òun fi aṣọ náà sílẹ̀, òun fẹ́ fi han àwọn ọ̀gá òun. Aṣọ ìnuwọ́ tó dáa ni o, ṣùgbọ́n mo fún un.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Aṣọ tuntun, irúgbìn tuntun: mẹ́rìnléláàdọ́rùn-ún. Mo kọrin nínú ilé ìdáná.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Òjò láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Ilẹ̀ mu ún tẹ́rùn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

A gbìn. Láti oko kan dé èkejì ni mo ń sáré, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀. Ibi gbogbo ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn: ìdérí kan, ihò kan. Ìyá kan ní ajílẹ̀ tí òun máa ń dà sóko tẹ́lẹ̀, koríko ló ń jẹ ẹ́ yó. Mo ní kó sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́.

Nǹkan kan ò tẹ́ mi lọ́rùn. Dẹ̀rẹ́bà ti dáná sun gbogbo koríko oko rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀ mọ́ fóò. Ó ní ojú òun ò gba ìdọ̀tí. Ọkọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn, ojoojúmọ́ ló ń fọ̀ ọ́. Mo sọ fún un pé ìdọ̀tí yẹn ni aṣọ ilẹ̀, kó wá òmíràn fi bò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó ti hù. Ó tò lọ ràì.

Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí òjò ti dáwọ́ dúró. Mi ò tíì bẹ̀rù. Àgbàdo ti ga dé orúnkún, ó sì dúdú dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Ewé ti ń ká lọ́sàn-án. Lọ́dọ̀ àwọn tó bo ilẹ̀, ó ń padà là nírọ̀lẹ́. Ní igun tí Bàbá Kò-Kánjú gbìn fúnra rẹ̀, kò là. Bàbá náà rí i. Àwa méjèèjì kàn ń rìn lọ sápá ọ̀tún, à ń rìn bọ̀ sápá òsì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Mẹ́rin nínú àwọn àgbẹ̀ wa ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn á tu àgbàdo, àwọn á gbin nǹkan mìíràn bí òjò bá dé. Ó ku mẹ́tàlélógún. Mo ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi bi mí pé ṣé mo ti jẹun, mi ò rántí.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Ti Dẹ̀rẹ́bà ti gbẹ. Gbogbo oko ló di bíi bébà. Ó dúró láàárín rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó ní mo ti bá ayé òun jẹ́, pé ká ní òun gbìn ín bí òun ṣe ń gbìn ín tẹ́lẹ̀ ni, ìbá ti yè. Ó ní òun náà máa kúrò nínú ẹgbẹ́, àti pé òun mọ àwọn márùn-ún tó máa bá òun lọ.

Mo mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ti kìlọ̀ fún un lójú ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ló ti ọkọ̀ gun òkè pẹ̀lú mi, àgbàdo rẹ̀ sì ti kú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kálọ." Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo dúró. Ó tẹ̀ lé mi dé oko Onídìrí, kò jìnnà sí tirẹ̀, òòrùn kan náà ló ń pa wọ́n. Mo ṣí koríko tó bo ilẹ̀ nídìí àgbàdo kan, mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo kì í bọ inú ilẹ̀.

Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ó tutù."

Onídìrí tó ń wò wá ní koríko wà lẹ́yìn ilé òun tó lè bo oko méjì, kó wá kó o. Mo sọ fún Dẹ̀rẹ́bà pé ẹ̀wà ṣì lè bọ́ sí oko rẹ̀ bí òjò bá dé. Ó ní òun gbọ́. Nígbà tí mo ń padà lọ, mo rí ọkọ̀ akẹ́rù náà tó ń rákòrò lọ sẹ́yìn ilé Onídìrí, èèyàn méjì sì ń tì í.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjò. Mo jókòó síta, mo jẹ́ kó pa mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà

Ọ̀gá wá. Òun nìkan, kò mú ẹni tó ń ya fọ́tò dání. Mo mú un rìn láàárín ìlà àgbàdo Onídìrí, òdòdó rẹ̀ ti ga ju orí àwa méjèèjì lọ. Kò dárúkọ ìwé tí mo kọ lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn ní lọ́jọ́ Ajé kí n wá fi bí mo ṣe ń ka irúgbìn han àwọn yòókù ní ọ́fíìsì, pé kí n mú aṣọ dání. Mo ní ọ́fíìsì ni kó mú aṣọ wá, tèmi ti ń tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Keje

Ìkórè bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mẹ́tàlélógún, kò sí ẹyọ kan tó yọ. Mo kà wọ́n bí mo ṣe ń ka hóró.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ

A wọn àgbàdo Bàbá Kò-Kánjú lónìí, lẹ́yìn tó ti gbẹ tí wọ́n sì ti yọ hóró rẹ̀ lára ṣúkù tán. A gbé òṣùwọ̀n kọ́ sára igi iwájú ilé rẹ̀. Èrò pọ̀ bí ẹni pé ìbò ni à ń dì. Ó ní ti òun ni ká kọ́kọ́ gbé kọ́. Àpò kan àti ààbọ̀. Ó ní ká tún un gbé kọ́. Àpò kan àti ààbọ̀ náà ni. A wá gbé ti igun tèmi: àpò mẹ́rin, ó sì lé ní agolo mélòó kan.

Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ó wo òṣùwọ̀n, ó wo àpò, ó wá wo ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí.

"Olùkọ́, èmi ni mo ro méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo kọ ọ́. Ó ní kí n kà á sí òun létí, mo kà á. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́rin tó kúrò wà níbẹ̀ náà, wọ́n dúró sẹ́yìn. Kí n tó gun alùpùpù mi, mẹ́ta nínú wọn ti wá bi mí ìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ máa tún bẹ̀rẹ̀. Dẹ̀rẹ́bà ò kó àgbàdo kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀wà rẹ̀ kún agbọ̀n mẹ́fà, ó sì gbé agbọ̀n kan wá sí ìdí òṣùwọ̀n kí wọ́n lè rí i.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi nígbà tí mo délé. Ó ní kí n tún àpò mẹ́rin yẹn sọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án

Òjò kejì ti wọlé dáadáa. Ọ̀gá ní kí n lọ wo abúlé tó wà ní òdìkejì odò, bóyá a lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. A ò tíì rán ẹnikẹ́ni débẹ̀ rí. Mo fi alùpùpù sílẹ̀ létí omi, mo wọ ọkọ̀ ojú omi. A ò tíì gúnlẹ̀ nígbà tí mo rí i. Oko kan lórí òkè, koríko bo ilẹ̀ rẹ̀, àgbàdo kéékèèké tò lórí ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo gun òkè lọ. Obìnrin gíga kan ń gbin apá tó kù, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, òun nìkan ló wà lóko. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo bi í pé irú ọ̀gbìn wo nìyí. Bóyá ó rò pé ará ìlú ńlá ni mí, nítorí ṣe ló fi sùúrù ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní a, b, d. Ó ní ilẹ̀ ò gbọdọ̀ wà níhòhò. Ó ní ajílẹ̀ ò gbọdọ̀ fara kan hóró, iyẹ̀pẹ̀ ni kó wà láàárín wọn. Mo bi í pé okùn rẹ̀ dà.

"Okùn ń fẹ́ ẹni méjì, Àǹtí. Èmi nìkan ni mò ń ṣe oko mi."

Igi ló mú lọ́wọ́. Ó ti kan ìka igi méjì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ki ọ̀kan bọ ihò tó ti lu tẹ́lẹ̀, ó tẹ igi náà mọ́lẹ̀, ìka kejì sì lu ihò tó kàn. Ó gbé e síwájú, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n wọn ò yẹ̀. Ó yára ju okùn lọ. Ọdún méjìlá ni mo ti ń fa okùn kiri, kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Ó ní kí n gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo gba igi náà.

"Ihò yín ti jìn jù. Ẹ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Ó ní ó ti dáa díẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní ìyàwó àbúrò ọkọ òun ni. Ìyẹn rí i níbi tó ti lọ kí ìyá rẹ̀. Òun ò mọ ẹni tó kọ́ àwọn tibẹ̀. Ṣùgbọ́n igi yìí, òun lòun ronú rẹ̀. Mo ní ó hàn bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún un. Mo gbin ìlà méjì pẹ̀lú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé.

Mo ti kọ ìròyìn Ọ̀gá tán báyìí. Mo ní wọn ò nílò olùkọ́ ní òdìkejì odò, ká wá ibòmíràn. Mo ya àwòrán igi náà sí ìsàlẹ̀, mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, mo sì sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, obìnrin mẹ́jọ ló ń dá oko ṣe láìsí ẹni tó máa bá wọn di okùn mú. Lọ́la, mo máa gé igi mẹ́jọ.